Mọ́nítọ̀ Pẹlẹbẹ: Ìwúlò Rẹ̀, Àléébù Rẹ̀, àti Bí Ó Ti Yẹ Kí A Yàn Án

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ògòtún Èkìtì sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ fi rán wa lónìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí a ṣe àlàyé lórí mọ́nítọ̀, èyíinì ni ojú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ó pẹlẹbẹ bí síléètì. Kí a sọ ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó sí, kí àwọn tí ń rà á àti àwọn tí ń fi í ránṣẹ́ wálé lè mọ èyí tí wọn yóò yàn. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ìlú ni, ọ̀rọ̀ ojú ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ń gbé orí rẹ̀ sì ni pẹ̀lú.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Ní ọdún 2013 ni JAMB, ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà dán apá kan nínú àwọn ọmọ wò. Nígbà tí ó di ọdún 2015, gbogbo wọn pátá ni ó ń ṣe ìdánwò náà lórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ni ọmọ yóò dáhùn láàárín wákàtí 2. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún àwọn tí ń fi orúkọ ara wọn sílẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó gbọ́n, tí ó sì kàwé, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò kọ́kọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà, ti pàdánù kí ó tó dé ìbéèrè kìn-ín-ní.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlú fi ń dá owó jọ láti ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn. A sì ti ṣàkíyèsí ohun kan. Bí a bá ń ra kọ̀ǹpútà, orí àpótí rẹ̀ ni a máa ń jiyàn lé: bí ó ti yára tó, bí inú rẹ̀ ti gba nǹkan tó. Bí ó bá wá kan mọ́nítọ̀, èyí tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà ni a ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kò fi ojú kan ohun tí ó wà nínú àpótí rí. Mọ́nítọ̀ ni ojú rẹ̀ ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin. Bí lẹ́tà kò bá hàn ketekete níbẹ̀, àpótí tí ó yára kò ní àǹfààní kan tí yóò ṣe é.

OHUN TÍ Ó JẸ́ ÀTI BÍ Ó TI Ń ṢIṢẸ́

Àwọn àgbà inú wa mọ ìgbà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà ní ikùn ńlá lẹ́yìn, nítorí ìgò ńlá kan ni ó wà nínú rẹ̀, tí ìtànṣán ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde wá lu ojú rẹ̀. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà náà lò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ohun tí ó jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ lè pẹlẹbẹ ti wà nílẹ̀ ṣáájú tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 1888, ọ̀mọ̀wé nípa ewéko kan, ọmọ ilẹ̀ Austria, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Friedrich Reinitzer, rí ohun kan tí ó ń ṣàn bí omi ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ bí ohun líle. Kírísítálì olómi ni a wá ń pè é. Ní ọdún 1968 ni George Heilmeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà fi han aráyé pé a lè fi ohun náà ṣe ojú ẹ̀rọ tí a ó máa ka nǹkan lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti di ohun tí a mọ̀ lónìí sí LCD.

Ẹni tí ó bá ní fèrèsé onílúfà nílé kò ní pẹ́ kí ó tó lóye iṣẹ́ rẹ̀. Iná kan wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ tí kì í kú níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a pe ìyẹn ní oòrùn ìta. Kírísítálì olómi tí ó wà láàárín awẹ́ gíláàsì méjì ni lúfà. Bí iná mànàmáná bá kàn án, yóò ṣí kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, tàbí kí ó pa dé. Àwọn lúfà wọ̀nyí kéré púpọ̀, wọ́n sì pọ̀ lọ jàra. Ojú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín sí ni a ń pè ní píkísẹ́lì. Mọ́nítọ̀ tí a bá sọ pé ó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, píkísẹ́lì 2,073,600 ni ó wà lójú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní apá pupa, apá àwọ̀ ewé àti apá búlúù. Àdàlù mẹ́ta yìí ni gbogbo àwọ̀ tí a ń rí ti ń jáde.

ÌWÚLÒ RẸ̀

Èkínní ni ti iná. Mọ́nítọ̀ oníkùn ńlá tí ó jẹ́ íǹṣì 17 a máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 75. Èyí tí ó pẹlẹbẹ, tí ó jẹ́ íǹṣì 19 tàbí 20, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ LED, a máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 20. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní ogún mọ́nítọ̀, ti àtijọ́ yóò jẹ wáàtì 1,500, pẹlẹbẹ yóò jẹ 400. Bí wọ́n bá tan wọ́n fún wákàtí 5, yúnìtì iná 7½ ni ti àtijọ́ yóò jẹ, yúnìtì 2 ni ti pẹlẹbẹ yóò jẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, gbogbo ẹni tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí túmọ̀ sí. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fi sólà ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, ìyàtọ̀ náà lè sọ bátìrì mẹ́rin tí wọn ì bá rà di méjì tàbí kan ṣoṣo.

Ìkejì ni ìwúwo àti àyè. Ti àtijọ́ lè wúwo tó kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹlẹbẹ kì í sábà ju kílò 5 lọ. Tábìlì tí kò gbà ju ọmọ méjì lọ tẹ́lẹ̀ lè gba mẹ́ta, ẹni tí ó bá sì ń ti òkè òkun fi ẹrù ránṣẹ́ mọ̀ pé owó ọkọ̀ yóò dín.

Ìkẹta ni ti ojú. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ ń tún àwòrán rẹ̀ yà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà a máa ń gbọ̀n rìrì, a sì máa rẹ ojú. Lójú pẹlẹbẹ, lẹ́tà dúró jẹ́ẹ́ síbi tí a fi í sí, etí rẹ̀ a sì mú. Fún ìwé kíkà, kò sí àníàní pé pẹlẹbẹ ni ó sàn jù.

ÀLÉÉBÙ RẸ̀

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún wa pé kò ní àléébù ń fẹ́ tà á fún wa ni.

Àléébù kìn-ín-ní: iye píkísẹ́lì rẹ̀ kò ṣeé yí padà. Iye tí wọ́n fi ṣe é ni iye tí yóò ní títí ayé. Bí a bá fi iye mìíràn rán an níṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà, yóò ṣe é, ṣùgbọ́n lẹ́tà yóò ṣe bàìbàì bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tí a ń pè ní èyí tí ó ti bàjẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, kò bàjẹ́ rárá. A kàn gbé e sí ìwọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Ìkejì: wíwò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí a ń pè ní TN kò wọ́nwó, ó sì yára, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ìsàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà, lẹ́tà yóò sì ṣá. Èyí tí a ń pè ní IPS, tí ilé iṣẹ́ Hitachi ti Japan mú jáde ní ọdún 1996, a máa hàn dáadáa láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Èyí tí a ń pè ní VA wà láàárín méjèèjì. Òun ni dúdú rẹ̀ dú jù, ṣùgbọ́n ó lè lọ́ra bí àwòrán bá ń yára kọjá. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń wo mọ́nítọ̀ kan, TN tí ó dára tó. Níbi tí ọmọ mẹ́ta ti ń pín ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí ó ra TN ti ra ìwé fún ọmọ àárín nìkan.

Ìkẹta: dúdú rẹ̀ kò dú tán. Kò sí lúfà tí í pa dé tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kì í yọ láàárín rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá pa iná yàrá, ojú tí ó yẹ kí ó dúdú yóò máa ràn bí eérú. Èyí kò ba ìwé kíkà jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fọ́tò tàbí fíìmù gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìkẹrin: kò lágbára. Gíláàsì ojú mọ́nítọ̀ àtijọ́ nípọn. Ọmọ lè fi ìka gún un kí nǹkan má ṣe é. Ti pẹlẹbẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá kan ojú rẹ̀ kíkankíkan, ibẹ̀ yóò dúdú, kò sì sí àtúnṣe tí owó rẹ̀ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti mọ́nítọ̀ mìíràn.

Ìkarùn-ún: iná tí kò dúró lójú kan ni ọ̀tá rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni àwọn nǹkan kékeré wà tí ó rí bí àgbá, tí a ń pè ní kàpásítọ̀. Bí ooru àti iná tí ń lọ tí ń bọ̀ bá pọ̀ jù, orí wọn a wú. Ní nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007, kàpásítọ̀ tí kò dára tàn ká gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ayé ìgbà náà sì ti ipa bẹ́ẹ̀ kú. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yóò tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sì kú. Ohun ìdùnnú ni pé kàpásítọ̀ kò wọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó bá mọ iṣẹ́ jíjó òjé lè pààrọ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe tètè sọ irú rẹ̀ nù.

BÍ A TI LÈ DÁN AN WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

Ògòtún ni ìlú tí a fi ẹní mọ̀. Kò sí ìyá kan nínú àwọn ìyá wa tí ń hun ẹní tí yóò ra ẹní ẹlòmíràn nígbà tí a ká a. Yóò ní kí a tú u sílẹ̀, yóò wo ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wo etí rẹ̀, yóò sì na ọwọ́ lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí a ṣe sí mọ́nítọ̀, ìbáà jẹ́ ní Ọtígbà ní Ìkẹjà, ní Alábà, ní Adó tàbí ní ìlú òyìnbó. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: kí ẹni tí ń rà á fi ojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Èkínní, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí a tàn án, kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àìsàn kàpásítọ̀ àti ti iná ẹ̀yìn kì í sábà fara hàn ní ìṣẹ́jú méjì tí ọlọ́jà fi ń ṣí i hàn wá.

Ìkejì, kí a mú kí gbogbo ojú rẹ̀ funfun. Bí funfun náà bá pọ́n bí ewé tí ó gbẹ, iná ẹ̀yìn ti gbó. Bí igun kan bá ṣókùnkùn ju ìyókù lọ, kí a ṣọ́ra. Píkísẹ́lì tí ó ti kú yóò hàn bí ẹ̀kán dúdú. Ẹ̀kán kan ní ẹ̀gbẹ́ kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ kọ mọ́nítọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ dín owó.

Ìkẹta, kí a mú kí gbogbo ojú rẹ̀ dúdú, kí a sì fi ọwọ́ bo ìmọ́lẹ̀ ìta. Níbi tí ó bá ti ń ràn jù ní etí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó ti ṣubú rí.

Ìkẹrin, kí a ṣí ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, kí a kà á. Lẹ́yìn náà kí a dìde, kí a wò ó láti ọ̀tún, láti òsì àti láti ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá TN ni tàbí IPS, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìkarùn-ún, kí a dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, kí a wá ju kálàmù síwá sẹ́yìn kíákíá níwájú ojú rẹ̀ tí ó funfun. Bí a bá rí òjìji kan tí ó gùn lọ gbọọrọ, ó dára. Bí a bá rí kálàmù púpọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn ó ń kú ní ìkọ̀kọ̀. Irú rẹ̀ a máa fún àwọn kan ní ẹ̀fọ́rí.

Ìkẹfà, kí a yí i padà, kí a ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti rí irú iná tí ó ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná jẹ́ fóólítì 120, ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ 100 sí 240 síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lè lo iná ilé. Ibẹ̀ náà ni a ó ti rí ojú ihò tí a fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ àpótí tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní ju VGA lọ, irú èyí tí ó ti wà láti ọdún 1987. Mọ́nítọ̀ tí kò ní ju HDMI lọ yóò dé, yóò sì di ohun ọ̀ṣọ́ títí a ó fi ra ẹ̀rọ tí í yí VGA padà sí HDMI.

Kí a má sì jẹ́ kí ìpolówó tàn wá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ìlọ́po mílíọ̀nù ju òkùnkùn rẹ̀ lọ, kí a mọ̀ pé ìpolówó ni. Ti IPS lásán a máa tó nǹkan bí ìlọ́po 1,000, ti VA nǹkan bí ìlọ́po 3,000. Títóbi náà kì í ṣe ohun gbogbo. Mọ́nítọ̀ íǹṣì 27 tí píkísẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 1920 lọ́nà 1080 kò fi ẹyọ kan ju ti íǹṣì 22 tí ó ní iye kan náà lọ. Ó dàbí ìgbà tí a fi iye koríko kan náà hun ẹní tí ó tóbi jù: àlàfo ni yóò pọ̀ sí i. Fún ìdánwò àti ìwé kíkà, íǹṣì 19 sí 22 tó. Owó tí ó bá ṣẹ́kù, kí a fi ra sítébìláísà rere.

BÍ A TI LÈ TỌ́JÚ RẸ̀ ÀTI OJÚ TÍ Ń WÒ Ó

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí a gbé mọ́nítọ̀ sí ibi tí orí rẹ̀ yóò bá ojú ọmọ dọ́gba tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ọmọ tó ìwọ̀n apá kan. Kí ó má ṣe kọjú sí fèrèsé, kí ó má sì ṣe kọ̀yìn sí i. Ẹ̀gbẹ́ ni kí fèrèsé wà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kí ọmọ gbójú sókè wo ọ̀ọ́kán díẹ̀ kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó gbẹ nu eruku ojú rẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí jù, kí a fi omi díẹ̀ tọ́ aṣọ náà, kí a má ṣe wọ́n omi sí ẹ̀rọ lára. Kí a máa yọ ọ́ kúrò lára iná bí òjò àti àrá bá ń bọ̀.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ARÁ WA LẸ́YÌN ODI

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Toronto àti níbi gbogbo, ìlú mọ rírì ìfẹ́ yín. Bí ilé iṣẹ́ ní òkè òkun bá ń pààrọ̀ mọ́nítọ̀, èyí tí wọ́n ń kó dà sílẹ̀ lè dára púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ IPS tí ó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ sí i. Tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti kú ní ibẹ̀ kò ní jí nítorí pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn lẹ́yìn. Ní ọdún 1988 ni a rí i ní Kókó, ní ilẹ̀ tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Delta, pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ọgbà ọmọ Nàìjíríà kan. Ní ọdún kan náà ni ìjọba ṣe òfin tí ó lòdì sí i, ọdún kejì rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí àdéhùn Basel tí ó ń ṣọ́ ìdọ̀tí olóró tí a ń kó láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Síbẹ̀, nígbà tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó àdéhùn Basel tí ó wà ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní ibùdókọ̀ ojú omi Èkó ní ọdún 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ iná àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú wọn ni a kó sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀, àwọn tí ó sì ti kú kí wọ́n tó dé kò kéré. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àdéhùn náà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ilẹ̀ tí ìdọ̀tí ẹ̀rọ iná ń lọ kọ́kọ́ gbà kí a tó kó o wá, ìbáà jẹ́ olóró tàbí aláìlóró.

Kí ni oró tí ó wà nínú mọ́nítọ̀? Òjé púpọ̀ wà nínú gíláàsì ti àtijọ́. Nínú pẹlẹbẹ tí ó ti pẹ́, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ kí LED tó gba ipò ní nǹkan bí ọdún 2010, ọ̀pá iná tín-ín-rín wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ní mẹ́kúrì nínú. Bí a bá fọ́ ọ tàbí tí a sun ún ní ààtàn láti yọ kọ́pà inú rẹ̀, mẹ́kúrì yóò bá afẹ́fẹ́ lọ, òjé yóò sì wọ ilẹ̀. Omi tí ó ń ti ibẹ̀ ṣàn kò mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ti tálákà.

Nítorí náà, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni a bẹ̀ yín pé kí ẹ lò: mọ́nítọ̀ tí ẹ kò bá lè gbé síwájú ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ yín láti fi ka ìwé, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìlú yín.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ

A fi àbá mẹ́rin síwájú ìpàdé yìí. Èkínní, kí ẹgbẹ́ tẹ ìdánwò mẹ́fà tí a kà sílẹ̀ lókè yìí sí ojú ìwé kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fi owó ẹgbẹ́ ra mọ́nítọ̀ láìkọ àbájáde rẹ̀ sí i. Ìkejì, bí a bá ń rà wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà, kí èyí tí ó bá kú lè fi ẹ̀yà ara rẹ̀ gba ìyókù là. Ìkẹta, kí a yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí ẹgbẹ́ sanwó fún wọn láti kọ́ àtúnṣe rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe àdéhùn pé wọn yóò fi ọdún mélòó kan sìn ní ilé. Ìkẹrin, kí yàrá kan wà tí a ó máa kó èyí tí ó ti kú tán sí, lódidi, láìfọ́, títí yóò fi pọ̀ tó ohun tí a lè kó lọ fún àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ láti tú u palẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun ni ẹ lè rí ọjà náà ní ọ̀pọ̀; àwa tí a wà nílé ni a mọ irú iná tí a ní, irú àpótí tí ó wà nílẹ̀, àti iye ọmọ tí yóò jókòó ti ẹyọ kan. Bí ọwọ́ méjèèjì bá pàdé, owó tí a fi ra mọ́nítọ̀ ogún kò ní di ogún ẹrù ààtàn kí ọdún tó yí po. Yóò di ogún ìjókòó tí ọmọ Ògòtún yóò ti máa fi ojú rere kàwé, títí di ọjọ́ tí yóò wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láìbẹ̀rù ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.